Eyín Dúdú ní Ilé-Ìwé Àwọn Han

Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Bàtà tún gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn ọmọ Han, àwọn àjèjì tó ń jọba lé wa lórí, rẹ́rìn-ín. Ọdún àkọ́kọ́ mi rèé, mi ò tíì mọ ẹsẹ̀ gbé nínú bàtà.

Fìlà — Olùkọ́ Pei lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé — ní aṣojú gómìnà ń bọ̀ nígbà tí oṣù bá kún. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ ìgbọràn sí òbí lórí láìṣìṣe yóò dúró. Ẹni tó bá kùnà, ó di oko ìrẹsì. Ó wá kọjú sí èmi àti Dau, àwa méjì péré tó jẹ́ ọmọ Lak, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí: òun ò fẹ́ rí eyín dúdú o. "Eyín funfun leyín ọmọlúàbí!"

Dau fi ìgúnpá gún mi. "Ajá ilé yín mà ti di ọmọlúàbí nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni wọ́n nà.

Ọjọ́ òjò, ọjọ́ karùn-ún

Wàhálà. Ìyá Àgbà ti po oje eyín, èyí tí a fi ń kun eyín dúdú fún ọmọ tó bá ti bàlágà. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ mi lábúlé ló ti kun eyín, àfi èmi àti Dau, Dau ò sì ní ìyá tí yóò kun tirẹ̀. Àwọn òbí Nhai, ọmọge tí wọ́n fẹ́ kí n fi ṣaya, sì ń bọ̀ wá wò mí lẹ́yìn ìkórè. "Ta ló máa fọmọ fún ẹlẹ́nu ajá?"

Mo ní Fìlà kọ̀ ọ́.

"Ṣé Fìlà ló bí bàbá ẹ ni?"

Ẹ̀kọ́ tí mò ń há sórí ní kí ọmọ máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Kò sọ àgbà wo. Mo fẹ́ bi Fìlà, àyà mi já.

Ọjọ́ kẹfà

Ahọ́n mi ò kúrò lára eyín mi látàárọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Ìyá Àgbà ti dúnàádúrà: tìsàlẹ̀ báyìí, tòkè lẹ́yìn ìdánwò. Oje, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ewé tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín — ètè mi wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Mi ò gbọdọ̀ rún nǹkan lẹ́nu, omi ìrẹsì ni mò ń gbé mì. Dau jókòó síwájú mi, ó ń jẹ ẹja sísun, ó ń lá ìka. Ọ̀tá.

Ọjọ́ kẹtàlá

Eyín ìsàlẹ̀ mi ń dán bí ìwo ẹfọ̀n tí a fi òróró pa. Ó wù mí ju bó ṣe yẹ lọ. Dau ń kọ́ mi bí n ṣe máa fi ètè bo wọ́n tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní mò ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo kà á tán. Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ohùn pẹ́pẹ́yẹ látòkè délẹ̀.

Aṣojú — arúgbó, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ — yíjú sí Fìlà: ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín nìyẹn?

Fìlà wò mí lẹ́nu. Ó rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi. Àṣà wọn ni."

Ẹni tó ń nà wá nítorí irọ́!

Inú aṣojú dùn. Ó ní òun yóò mú mi lọ sí olú-ìlú, kí àwọn ìjòyè lè fojú rí ọmọ Lak tó ń kàwé. Ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra níparí oṣù. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Mo sunkún. Fìlà rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyá Àgbà béèrè bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Mo ní àwọn tó lọ kì í sábà padà.

"Ó dáa. Wọ́n ní òtútù ń mú níbẹ̀. Mú aṣọ dání."

Ó ń yí ẹja kan ṣoṣo lórí iná títí tó fi jóná. Kò ní kí n má lọ. Ì bá tiẹ̀ sọ ọ́!

Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé ìkòkò oje wá. "Ìyá Àgbà, ẹ kun tòkè."

"Wọ́n á nà ẹ́ o."

"Ṣé wọn ò ti ń nà mí tẹ́lẹ̀ ni?"

Ọjọ́ ọkọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Létí odò, aṣojú ní kí n kí àwọn ènìyàn mi pé ó dàbọ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí, tòkè tìsàlẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà ń wo ojú ọ̀run. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé ó di igi mú. Ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mọ́ mi.

Aṣojú wá ní òun ò lè mú ẹlẹ́nu dúdú dé iwájú àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n òun ò ní padà lọ́wọ́ òfo. Ó wo ẹnu Dau.

Mi ò ronú dé ibẹ̀.

Dau, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wọ ọkọ̀. Wọ́n ti dé àárín odò kó tó pariwo: "Ẹlẹ́nu dúdú! Bá mi kí Nhai o!"

Mo rí eyín rẹ̀, funfun báláú. Ó ti jìnnà jù. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.