Ọwọ́ Mary Kì í Ṣe Ọwọ́ Kásúà

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Ẹgbẹ́dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1991.

Cecilia ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Adó? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ńkọ́, ṣé wọn ò fi ariwo pa ọ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Má bínú pé n kò tètè fèsì. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé. Lónìí náà inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, kí ẹlòmíì tó wá yí i po fún ọ.

Ṣé o rántí Mary àbúrò mi, tó máa ń dirun fún ọ nígbà tó o wà lọ́dọ̀ wa? Lọ́dún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Akowonjo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike. Kásúà ni wọ́n ń pè wọ́n: kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí ìsinmi, àràárọ̀ ni wọ́n ń yan àwọn tó máa wọlé lẹ́nu géètì. Iṣẹ́ Mary ni pé bí ẹ̀rọ bá ti tẹ ike tán, tó sì la ẹnu, kó yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde kíá. Ilẹ̀kùn irin kan wà níwájú ẹ̀rọ náà. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ ò lè pa ẹnu dé. Àwọn ọ̀gá ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n bá tú u, wọ́n gbé e ti ògiri.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin ni ẹ̀rọ náà pa ẹnu dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yésúfù, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kejì, ló sáré pa iná, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ fi di ọwọ́ náà. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí súpáfáísọ̀ kọ́kọ́ bèèrè? Ó bèèrè bóyá nǹkan kan ṣe ẹ̀rọ! Àwọn ará ilé iṣẹ́ já Mary sílẹ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù, wọ́n sì wa mọ́tò wọn lọ. Ìka mẹ́ta ni dókítà gé kúrò.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Ìgbà tí wọ́n máa wá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ ni wọ́n rán, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ó gbé àpò ìrẹsì kan dání, pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ kí Mary tọwọ́ bọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní Mary ló ń ṣeré nídìí ẹ̀rọ, pé kásúà ò sì ní ẹ̀tọ́ kankan, àánú lásán ni ilé iṣẹ́ ń ṣe é. Bàbá Olúbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń gbé ní Ìkòtún, wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbà á jàre. Ta la fẹ́ bá jà?" Cecilia, mo gbé ìrẹsì yẹn padà sínú mọ́tò rẹ̀ fúnra mi. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Olúbọ̀dé ò ti dá mi lóhùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló júwe fún wa àwọn lọ́yà tí ìjọba ní kí wọ́n máa gba ẹjọ́ aláìní rò, ní Ìkẹjà. Ìyáàfin Olúsànyà ló gbọ́ tiwa. Ó bi Mary pé, "Ṣé koríko ilé ọ̀gá yín lò ń gé ni, àbí ọjà tí wọ́n ń tà lò ń bá wọn ṣe?" Mary ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ìyáàfin náà ní, "Ó parí. Orúkọ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa pè ọ́, iṣẹ́ òwò wọn lo wà nígbà tó o farapa. Òfin mọ̀ ọ́." Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tọwọ́ bọ̀wé, pé ká má sì fi falẹ̀ rárá, torí òfin ní gbèdéke ọjọ́ tí a lè pẹjọ́ dà.

Wọ́n pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ṣé o mọ̀ pé Kọ́lápọ̀ jókòó síbẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn, tó ní òun ò rí ọmọ yìí rí láyé òun? Ẹni tó wá sílé wa! Mo ti dìde kí n bú u, ṣùgbọ́n Mary fà mí láṣọ. Ó tú báńdéèjì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì níwájú Kọ́lápọ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa, sà. Bí ẹ ò bá mọ ojú mi, bóyá ẹ máa mọ ọwọ́ mi."

Kọ́lápọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni Yésúfù ti dìde lẹ́yìn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má wá o. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ara wa la ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ojú mi sì ni ọ̀gá yìí ṣe ní kí wọ́n tú ilẹ̀kùn yẹn."

Ilé iṣẹ́ náà padà gbà láti sanwó gbà-má-bínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la lọ gbà á ní ilé iṣẹ́ wọn, àfi bí wọ́n ṣe gbé onífọ́tò wá! Wọ́n ní kí Mary rẹ́rìn-ín, kó gba "ẹ̀bùn" lọ́wọ́ ọ̀gá. Mary ní ẹ̀tọ́ òun ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, òun ò ní rẹ́rìn-ín. Ó gba ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀, ó wọ inú fákítírì lọ tààrà. Ọmọbìnrin mìíràn ni wọ́n ti fi sídìí ẹ̀rọ yẹn, láìsí ilẹ̀kùn. Mary na ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú ọmọ náà, ó ní, "Wò ó. Má kiwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́." Ọmọ náà pa iná. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà pa tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pa á lọ nìyẹn, títí ibẹ̀ fi dákẹ́ rọ́rọ́, tí súpáfáísọ̀ ń dá nìkan pariwo.

Wọ́n sáré gbé ilẹ̀kùn náà wá, wọ́n dè é padà lójú wa. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, Cecilia. Ìṣẹ́jú mélòó kan! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Àwọn kan ní ká lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Kọ́lápọ̀?

Wọ́n ti lé Yésúfù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o. Wọ́n ní ó ń dá ìjà sílẹ̀. Àná ni a mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Olúsànyà, ó sì ti gba ẹjọ́ náà. Nígbà tó bèèrè ẹni tó máa jẹ́rìí fún un, Mary ló kọ́kọ́ nawọ́, ọ̀tún náà ló sì nà.

Bá mi kí màmá, bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Bí àwọn ọmọ tó jáde ìwé lọ́dọ̀ rẹ bá ń bọ̀ wá wáṣẹ́ l'Ékòó, jọ̀ọ́, ka ìwé yìí fún wọn. Mo ń retí èsì rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ò tíì rọ̀,

Adébùnmí.