Ọ̀sán Tí Mo Pa Fóònù

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                                  Ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún ọ ní ilé ìkàwé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́, eruku ò ní ráyè bà lé ìwé kankan níbẹ̀ mọ́. Tiwa náà ń lọ. Ara wa le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, bàbá ọmọ mi sì ti gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dé láti ìrìn àjò láìsí ewu. Orí mi nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó ti lọ́ pọ̀ bí òwú tí ọmọ ológbò fi ṣeré. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, torí pé tí mo bá ń sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín ni wàá bú sí kí n tó dé àárín.

O mọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti máa ń wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ gba aṣọ ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ kí n pààrọ̀ sípù ń bọ̀, ẹni tí kò tiẹ̀ mú aṣọ kankan dání, tó kàn fẹ́ ròyìn bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe bú u, òun náà á fa àga, á jókòó. Fóònù mi kì í sinmi. Mo ti fi etí àti èjìká há a mọ́ra títí ọrùn mi fi fẹ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ tí bàbá ọmọ mi dé láti ìrìn àjò tó ṣáájú èyí, ó wò mí títí, ó ní òun rí i pé èmi ni mò ń sin iṣẹ́, iṣẹ́ ò sìn mí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí i jà níyàn.

Mo bá ṣe òfin fún ara mi. Tí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mi ò ní gbé fóònù. Tó bá sì di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa pa fóònù, mo máa lọ sílé. Àwọn oníbàárà mi rò pé àìsàn ló ń ṣe mí. Ọ̀kan tiẹ̀ gbé ọsàn wá fi kí mi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo fọ abọ́ tó mọ́. Mo tún bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ tẹ́. Nígbà tó yá, mo lọ jókòó ti ọmọbìnrin mi níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. O mọ ẹjọ́ ọmọ yìí. Mo ti sọ fún ọ pé tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló máa ń wò. A ti bá a wí, a ti bẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo rí i tó gbé ìwé sún mọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀. Mo ní kó jókòó dáadáa. Ó jókòó dáadáa lóòótọ́, àmọ́ kò kàwé mọ́. Ọkàn mi kọ́kọ́ rò pé orí kunkun ni. Mo bá dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ìka sókè, mo ní kó sọ iye rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ló bá na ọrùn síwájú, ó fún ojú pọ̀.

“Màámi,” ó ní, “ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀ kí n lè kà á.”

Adúmáadán, mo padà lọ jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn, pé àwọn tó mọ̀wé kàn mọ bí wọ́n ṣe ń méfò ju òun lọ ni.

Ọ̀sán yẹn náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ni. Ó ń gbé awò kan kúrò lójú ọmọ, ó ń fi òmíràn sí i, ó ń ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Nígbà tó ṣe tán, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ojú òsì ti gbé gbogbo iṣẹ́ lé ojú ọ̀tún lọ́wọ́, pé bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́ sí i, awò náà kò ní lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ó ní a tètè wá. Mo dúpẹ́, mo sì ń bi ara mi pé èwo ni tètè nínú ohun tí a ṣe yìí.

A padà délé, mo tan fóònù. Nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ ti pè mí títí ó ti sú u. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá tó ni ilé-ìwé ńlá tuntun tó wà lẹ́yìn ojú irin ni. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé náà, pé wọ́n júwe mi fún òun, òun sì wá fúnra òun, òun bá ilẹ̀kùn ní títì. Òun pè, òun pè, kò wọlé. Ẹnìkan ló júwe aránṣọ mìíràn fún òun, wọ́n sì ti jọ sọ ọ́ parí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, èyí tí ì bá jẹ́ kí n gba ènìyàn kún ara mi, kí n sì bọ́ lọ́wọ́ sípù.

Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́? Kíákíá ni, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí a sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé kì í rìn, sísá ló máa ń sá. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti mọ èyí tí mo máa ṣe. Ìyá oníbàtà tó wà lódìkejì wá kí mi. Ó kí mi kú oríire ojú ọmọ, ó sì bá mi kẹ́dùn iṣẹ́ tó bọ́, lẹ́nu kan náà. Mo ṣe àmín sí ìbánikẹ́dùn, mo mí kanlẹ̀ sí ìkíni kú oríire. Bàbá ọmọ mi ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mo ní èmi ò lé eku kankan, ilé ni mo jókòó sí, tí ọ̀kan fi gba iwájú wọlé, tí èkejì sì gba ẹ̀yìn jáde. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mi ò lè pa fóònù, mi ò sì lè gbé e dání. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù jókòó.

Nígbà tí awò ojú tí dókítà ní kí wọ́n ṣe fún ọmọ dé, a lọ gbà á. Dókítà fi í sí ọmọ lójú. Ó wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó yíjú sí mi, ó sì tẹjú mọ́ mi.

“Màámi, ṣé irun yín ti ń funfun ni?”

Dókítà kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Kíákíá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ìrìn ló rìn wá. Ojú rẹ̀ pọ́n, òwú funfun rọ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ní òun gba iṣẹ́ náà láìwo ẹ̀yìn wò, aṣọ ti kún yàrá débi pé ọkọ òun ń dúró jẹun, ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí ilé-ìwé tuntun náà sì ti ń sún mọ́. Rírán kò ṣòro fún òun, gígé ni kò tọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ti ba odindi ìgàn aṣọ kan jẹ́.

“Ọ̀gá mi,” ó ní, “ẹ wá bá mi ṣe é. Ká jọ pín in sí méjì.”

Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà inú mi dùn, lẹ́yìn náà ojú tì mí, mi ò sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ṣé ọ̀gá ṣì ń ru ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ tó kọ́? Mo sọ fún un pé màá rò ó. Mo rò ó títí, kò yé mi. Ìgbà tí mi ò rí ojútùú rẹ̀ ni mo kúkú dìde, mo lọ bá a. Mo ní màá wá, ṣùgbọ́n ọ̀sán Ọjọ́rú kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi, ti ọmọ mi ni. Mo rò pé á fajú ro. Ó sún mọ́ mi.

“Ọ̀gá mi, ṣé èmi náà lè máa lọ sílé lọ́sàn-án Ọjọ́rú?”

Mo wí fún un pé òun ló ni iṣẹ́. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ òun ṣì fẹ́ tọrọ àyè. Mo bá fún un láyè, nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Èmi ń gé, òun ń rán, ìyá oníbàtà ń bá mi gba aṣọ àwọn oníbàárà mi títí màá fi dé. Ọmọ mi ti ń kọ iṣẹ́ ojú pátákó fúnra rẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì wá sílé wá bẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, tó o bá bi mí bóyá mo pàdánù lọ́jọ́ yẹn tàbí mo jèrè, mi ò ní mọ̀ ọ́n sọ. Ìwọ tí o máa ń là á kedere fún mi, bá mi wò ó.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá, kó o sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ fún mi. Ọmọ mi ní kí n kí gbogbo yín. Lánàá, ìyá tó ni ilé-ìwé wá wo iṣẹ́ tó ti ṣe tán. Ó yẹ ojú rírán wò, ó ní ó wu òun, pé iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ náà ń bọ̀ níbí, kí òun ṣáà mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Kíákíá nawọ́ sí mi. Èmi náà ti nawọ́ sí Kíákíá. Ìyá náà wo ọwọ́ wa méjèèjì, ó fa àga, ó jókòó, ó ní òun máa dúró títí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ láti kékeré ni mí,
Abẹ́rẹ́.