Ẹ Ṣí Àpótí Yẹn fún Mùínátù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú afẹ́fẹ́ ọ̀sà, ẹ kú èéfín ẹja tó ń bá ojú yín jà láti àárọ̀ ọjọ́. Ìkòròdú ni èmi Ràṣídì wà tí mo ti ń kí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ọkàn, nítorí bí mo bá dọ̀bálẹ̀ ní tòótọ́, Tísà tó ń bá mi kọ ìwé yìí ni yóò fà mí dìde, òun náà kò sì lágbára. Mo kí àwọn ọmọ yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ìmáàmù àdúgbò wa, mo kí gbogbo àgbà tó jókòó nínú àgbàlá wa lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù ìyàwó mi, Ìyá Mùtíù. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwé yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Tísà gbé e fún àwọn oníwèé-ìròyìn, kí ó sì fún ọmọ mi Mùínátù ní ẹ̀dà kan mú wá sí Ẹ̀pẹ́, kí ìmáàmù kà á sókè.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Ohun tí mo bá sọ ni Tísà ń kọ. Ó ti ń sọ fún mi láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pé kí n fi oyin sí i díẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ mọ bí ẹnu mi ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí Màmá lọ, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí lọ sétí omi, tí ẹ fi mí jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja kí ọwọ́ yín lè ráyè ṣiṣẹ́. Lórúkọ, àbúrò yín ni mí. Ní òdodo, ọmọ yín ni mí. Bí ọmọ ni mo ṣe wá bẹ̀bẹ̀.

Bí ẹ bá bi Mùínátù léèrè ara mi, yóò ní ó dáa. Kò dáa. Ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ tèmi mọ́ láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ mọ̀ pé ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà, ní ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí ní Ìkòròdú níbí. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé mi mọ́, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ìsinmi náà ni pé mò ń gbé àga síta láàárọ̀, mò ń gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́dún yìí bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn, ní ẹ̀gbẹ́ tí Ìyá Mùtíù máa ń sùn sí gan-an. N kò tún un ṣe. Ta ló ń sùn síbẹ̀? Oúnjẹ ẹnì kan kì í wu èèyàn í sè, nítorí náà gààrì ni mò ń mu. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Pásípọ́ọ̀tù Mùínátù tó wà nínú àpótí yín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mẹ́fà ni a bí, méjì ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa. Mùtíù ni àgbà, Mùínátù ni àbígbẹ̀yìn. Mùtíù ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtàmágà, ó ń ta báàgì, Ṣáínà ló sì ti ń kó wọn wá. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń nájà lọ́hùn-ún pè mí lórí fóònù. Ó ní ibà ló ṣe é, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù, ó ní kí n mú ọkàn le. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ni ìwé kan dé, ojú ewé kan ṣoṣo, òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí lẹ́tà òyìnbó kan níbẹ̀. Tísà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní èdè àwọn ará ibẹ̀ ni, pé òun kò tilẹ̀ mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tí mo ń ṣọ́, ará Ṣáínà ni wọ́n. Àárọ̀ ni mo ń ṣí géètì fún wọn, ìrọ̀lẹ́ ni mo tún ń ṣí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́, á dúró, á tẹríba fún mi, á bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ìwé náà wà nínú àpò àyà mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìbá kà á fún mi kí n tó ti géètì tán. N kò yọ ọ́ rí. Àwọn awakọ̀ tó ń wá kó ọjà ló ti sọ lójú mi pé iná ni wọ́n fi ń sun òkú níbẹ̀, pé eérú ni wọ́n ń kó fún ẹbí. Mo ní bí ìwé yìí bá ń sọ pé wọ́n ti sun ọmọ mi, kí n má gbọ́ ọ. Gbogbo ayé ń pè mí ní olóríkunkun. Ojo ni mí.

Ìyá Mùtíù ń bẹ̀ mí pé kí á ṣe fídáù ọmọ òun. Mo ní ta ló wẹ̀ ẹ́? Ta ló kírun sí i lára? Àdúrà wo ni wọ́n ń ṣe lórí eérú? Ó bá iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Bí oṣù méjì bá kọjá, á tún bi mí bóyá ó ti yá. Lọ́jọ́ tí yóò kú, ó tún bi mí. Mo ní kò tíì yá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Kí ìyá rẹ̀ tó lọ ni Mùínátù ti wọ yunifásítì. A rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́. Ó ní rárá, èdè, àṣà àti ìtàn àwọn ará Éṣíà ni òun fẹ́ fi gba oyè. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lè ka ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀gbọ́n òun. Mo sọ fún un pé mo ti jó ìwé náà. Irọ́ ni, mo sọ ọ́ kí ó lè fi nǹkan náà sílẹ̀ ni. Ó ní kò burú, ìwé àwọn ẹlòmíràn ṣì wà tí òun yóò kà.

Ẹ rántí bí ẹbí ṣe fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ṣé igi tín-ín-rín méjì ni yóò máa fi jẹ ẹ̀bà nílé ọkọ. Ẹ̀yin gan-an bi í pé ìtàn Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti kà á tán tó fi ń wá ti ẹni ẹlẹ́ni lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ fún òun ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yín, ibẹ̀ ni ìtàn Ẹ̀pẹ́ wà. Kò mọ̀ pé tirẹ̀ náà máa wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ yìí, ọdún kẹta rẹ̀, Ṣáínà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń lò ó, láàárín àwọn tó ni èdè. Ẹni tí kò bá lọ kò ní gba oyè. Níbi fídáù ìyá rẹ̀ ló ti yọ pásípọ́ọ̀tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó fẹ́ fi hàn yín. Mo já a gbà. Lójú ìmáàmù, lójú gbogbo àgbà, mo ní ilẹ̀ tó gbé ọmọ mi ọkùnrin mì kò ní gbé obìnrin mì. Mo fi í lé yín lọ́wọ́, mo ní kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara mi wá bẹ̀ yín, ẹ má gbé e fún mi. Mo fi Ọlọ́run búra, ilẹ̀ sàréè Ìyá Mùtíù kò sì tíì gbẹ.

Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ọmọ náà ló yí mi padà. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, ó jókòó tì mí níta, ó ń ka ìwé. Mo bi í pé kí ló ń kà tó fi gbàgbé iṣu lórí iná. Ó ní ìtàn àwọn mùsùlùmí ilẹ̀ Ṣáínà ni. Mo ní kò sí mùsùlùmí níbẹ̀. Ó ní Bàbá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní itẹ́ òkú tiwọn. Ó ní wọn kì í sun òkú. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi aṣọ funfun wé e, wọ́n ń tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí ojú rẹ̀ lè kọ sí Mẹ́kà. Ó ní ìlà-oòrùn ni àwa ń kọjú sí níbí, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ń kọjú sí, nítorí ibi tí wọ́n wà.

Mo ro ó. Ìwọ̀-oòrùn wọn, apá ọ̀dọ̀ wa ni.

Iṣu jóná. Mo fi ọ̀pá wọlé, mo mú ìwé olóǹtẹ̀ pupa náà wá láti abẹ́ ẹní, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Kò bi mí pé ṣebí mo ti jó o. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi kà á, ó ń ṣí ìwé ìtumọ̀ èdè, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́. Ní ọjọ́ kejì ló pè mí jókòó.

Mọ́ṣáláṣí kan ló kọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn gbọ́ pé mùsùlùmí kan kú sí ọsibítù láìní ẹbí, àwọn lọ gbà á. Ọkùnrin mẹ́ta ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn Jímọ̀, èrò sì pọ̀. Wọ́n sin ín. Wọ́n ní nọ́ńbà nìkan ló wà lórí òkúta rẹ̀, nítorí àwọn fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ orúkọ mùsùlùmí, pé lágbájá ọmọ lágbájá ni. Wọ́n ní kí ẹbí rán ẹnì kan wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni àwọn máa dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ kò tó, wọ́n lè sin ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ mi ni wọ́n ń béèrè. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí mo fi gbé ìbéèrè náà sáyà, tí mo ń ṣí géètì.

Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ ìwé kò lọ mọ́. Mùínátù fi èdè wọn kọ lẹ́tà ránṣẹ́, èsì kò dé. Ẹni tó máa dé ibẹ̀ ló kù. Ó wá sí Ẹ̀pẹ́ wá bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ fún un ní ẹja, ẹ fún un ní owó ọkọ̀, ẹ kò fún un ní pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ohùn kò lójú, ta ló mọ̀ bóyá ọmọ náà ló rọ̀ mí sọ ọ́. Ẹ ní àwọn tó rí Ràṣídì nígbà tó ń bì, àwọn náà ni kí wọ́n rí i nígbà tó bá ń kó èébì rẹ̀ jẹ.

Tísà kò fẹ́ kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú àgbàlá lọ́jọ́ náà, ẹ wò mí. Mo ń kó o jẹ. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ní kí ẹni tó yẹ ìbúra gbà. Kí ẹnikẹ́ni má di ọ̀rọ̀ náà ru Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo dè é, èmi ni mo tú u.

Kí oṣù yìí tó parí ni ilé-ìwé wọn máa gba pásípọ́ọ̀tù àwọn tó ń lọ. Bí ó bá ré kọjá, ẹ̀kọ́ ọdún méjì ọmọ yìí ṣòfò. Kí wọ́n tó tún mú àwọn mìíràn lọ, ọdún márùn-ún yẹn á ti pé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó lè lọ kó má bọ̀, n kò sì ní ọmọ mìíràn. Mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀rù pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ títí ó fi kú, mo sì ti fi í sọ ọmọ mi di nọ́ńbà. Ẹ má jẹ́ kí n tún fi í ṣe ẹ̀kẹta.

Ẹ ṣí àpótí yẹn fún Mùínátù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ bá mi pe ìmáàmù, ẹ ṣe fídáù Mùtíù nínú àgbàlá wa, ẹ jókòó sí ibi tí ìyá rẹ̀ ìbá jókòó sí. Bí ọkọ̀ kan bá lè gbé mi, màá wá. Bí kò bá lè gbé mi, ẹ má dúró dè mí. Ẹ sọ fún Ìyá Mùtíù ní ibojì rẹ̀ pé Ràṣídì ní ó ti yá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ojú yín má rí ikú ọmọ, kí omi ọ̀sà máa san yín. Ẹ bá mi kí onílé, ẹ bá mi kí àlejò, ẹ kí àwọn tó fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Tísà bi mí pé orúkọ wo ni kí òun fi parí rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ ní kíkún, bí àwọn tó béèrè rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ, kí Mùínátù lè gé e kúrò nídìí ìwé yìí mú lọ.

Ọmọ yín,
Ràṣídì ọmọ Sùnmọ́nù, ará Ẹ̀pẹ́,
bàbá Mùtíù.