Bàbá Oikawa Yohei, Tó Pín Ẹran Dọ́gba ní Òkè Shirao

Ìròyìn tí Bàbá wa, Olóògbé Oikawa Yohei, ti ń retí láti ìgbà tí igi ti ń wọ́wé dé ilé wa ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dákẹ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ ti gbà pé kí Òkè Shirao sinmi, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn mọ́ béárì níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún pọ̀. Ọdẹ tó mú ìròyìn náà wá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí àbẹ́là tí a tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó sì kúnlẹ̀, ó tẹríba.

Ọdún 1941 ni wọ́n bí Bàbá ní abúlé Kosawa, láàárín àwọn òkè Akita, sí ìdílé Oikawa Genta, olórí ọdẹ, àti Ìyá Tome, tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Yìnyín bo fèrèsé lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé sì funfun bí inú ẹyin. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Nígbà tí bàbá wọn ṣubú ní bèbè òkè tí wọn kò lè ṣọdẹ mọ́, Bàbá fi ìwé sílẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ ọdẹ.

Ní 1965, wọ́n fẹ́ Ìyá Fumi. Nígbà tí Bàbá di olórí ọdẹ, àwọn ni wọ́n ń mú ìpín ẹran tiwọn kẹ́yìn. Ìyá a máa ṣí ìdérí ìkòkò, wọn a sì rẹ́rìn-ín: “Bàbá Sumie, ẹ̀yin lọ̀gá wọn, ìkòkò tiwa ló tún fúyẹ́ jù!”

Bàbá ń lọ sí tẹ́ńpìlì Búdà, wọ́n sì ń tẹríba fún òrìṣà obìnrin tó ni òkè kí wọ́n tó gòkè. Lójú wọn, òun ló ń fúnni ní béárì. Nítorí náà, ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó kàn pariwo lé ẹran, ìpín kan náà ni. Òróòro béárì pàápàá, tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, tó sì wọ́n bíi wúrà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń pín in dọ́gba.

Ní 2009, Ọ̀gbẹ́ni Hosaka, olówó tó ní ilé ìtura, dara pọ̀ mọ́ àwọn ọdẹ wa, ó sì ra ọkọ̀ fún ẹgbẹ́. Ó pa béárì ńlá kan, ó fẹ́ gbé òróòro rẹ̀ lọ lódidi.

“Bàbá, ìbọn mi ló pa á! Èmi náà ni mo ra ọkọ̀ tó gbé yín wá!”

“Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ ẹran ni, ǹ bá yọ ìpín tiẹ̀.”

Gbogbo ọdẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá sì pín òróòro náà dọ́gba. Hosaka nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ló ti ń kó àwọn ọlọ́rọ̀ wá ṣọdẹ lórí òkè. Abiyamọ béárì pàápàá, wọn kò dá a sí. Wọ́n á yọ òróòro, wọ́n á fi ẹran sílẹ̀ nínú yìnyín.

Bàbá fi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n rìn láti ilé dé ilé, wọ́n ń bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òkè sinmi. Ẹnìkan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ ti jẹ tiyín yó, Bàbá, ẹ wá ní kí àwa gbààwẹ̀!”

“Òótọ́ ni, mo jẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà rí jẹ.”

Igbó igi búnà tí béárì ń sùn sí nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń jẹ èso rẹ̀, ti Bàbá ni. Sumie, àkọ́bí wọn, ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Hosaka fẹ́ rà á, kó gé e, kó kọ́ ilé àlejò síbẹ̀. Bí igbó náà bá lọ, ìsinmi tí ẹgbẹ́ fún òkè di asán. Kazunori, àbúrò Sumie, bi í léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí: “Ẹ̀gbọ́n mi, òrùlé Ìyá ń jò. Ṣé béárì ló máa bá wa tún un ṣe?”

Bàbá fi Ìyá Fumi sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Sumie, Kazunori, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Nanae àti Shogo.

Bàbá wa, ẹ sùn bí béárì ti ń sùn nínú ihò igi búnà, tí yìnyín ń rọ̀ lókè, tí ìbọn kò sí nítòsí.

Sumie ní kí a kọ èsì òun síhìn-ín, kí ẹni tí èsì náà wà fún, tó wà láàárín wa lónìí, lè kà á: “Ọ̀gbẹ́ni Hosaka, mi ò ní ta igbó bàbá mi fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹun. Ìpín yín wà nílẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú tiwa.”