Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ sí Sìkírátù Wọ Inú Tẹ́ḿpìlì Kọ̀ǹpútà

Ìlobù,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ṣèyífúnmi ọmọ mi, Àṣàbí,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù ọ́fíìsì tí o ní ó ń mú ọ wọ súwẹ́tà nínú ooru Àbújá. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ayọ̀mikún ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó ká ti hù padà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé níbí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ti ń dá rìn lọ sóko, ó sì ní iṣu ọdún yìí ń ṣe dáadáa.

Bírò ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, Azeezat tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Má bínú pé n kò tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí o fún mi. Ara rẹ̀ kò yá ni, ó ti ń gbádùn báyìí, Azeezat ṣì ń ṣọ́ ọ lọ́dọ̀ ni kí àìsàn náà má baà padà.

Ṣé o rántí nǹkan kékeré tí o ní kí n tẹ̀, kí n lè máa rí àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá? Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ kan yọ lókè ojú ìwé, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún tẹ̀ ẹ́, nítorí mo rò pé bí àtùpà ni, pé ojoojúmọ́ lèèyàn ń tàn án. Ó bi mí bóyá kí òun wọlé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, èèyàn kì í lé àlejò tó kanlẹ̀kùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé ló ń mú ìlà mìíràn wá, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, àlùmágàjí lórí àlùmágàjí, búrọ́ọ̀ṣì lórí búrọ́ọ̀ṣì, títí ó fi ku ààyè tóóró nísàlẹ̀ tí mò ń kọ̀wé sí bí ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ wò ó títí, ó ní ẹ̀rọ náà ń rọbí ni, kí n má fọwọ́ kàn án títí yóò fi bí i tán. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tí mo ṣí i, bó ṣe wà náà ló wà.

Ti Sìkírátù ló wá le jù. O mọ̀ ọ́n, ìyá Jàlálù, ará Ìfọ́n, tí a jọ ṣe tísà títí a fi fẹ̀yìn tì, tó máa ń pọ̀n ọ́ bí mo bá wà ní kíláàsì. Láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ni n kò ti fojú kàn án. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Ọ̀nà tí à ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìnkùlé ti di ohun tí à ń bẹ̀rù. Nígbà tí o ní kí n máa tẹ ohun tó bá wà lọ́kàn mi kí ọwọ́ mi lè mọ́ ọn, ohun tí mo tẹ̀ ni pé, Sìkírátù, èmi Ìyá Ṣèyí ni, mo wà láàyè, ṣé o wà, àárò rẹ ń sọ mí. N kò ní in lọ́kàn láti fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ pa ẹ̀rọ náà, ó béèrè nǹkan kan tí kò yé mi tán, ó ṣáà jọ pé ó fẹ́ bá mi tọ́jú iṣẹ́ mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ náà, ìwé tuntun yòówù tí mo bá ṣí, Sìkírátù ló ń ṣáájú. Bí mo bá pa á rẹ́ nínú ìwé òní, tọ̀la yóò tún gbé e wá.

Ìyá Ọládèjì, olórí Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá ní kí n tẹ ìwé ìpè fún ìdúpẹ́ wa. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú ààyè tóóró mi, n kò rí òkè ìwé, mo gbàgbé pé Sìkírátù wà níbẹ̀. Azeezat bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní Òṣogbo, ó pín in sínú àpò ìwé, mo gbé e wá. Níwájú gbogbo àwọn ìyá ni Ìyá Ọládèjì ti wọ dígí rẹ̀, tó sì kà á sókè ketekete, Sìkírátù, èmi Ìyá Ṣèyí ni. Ṣèyí, ilé Ìyá Ọládèjì yìí wà lára àwọn ilé tó jóná nínú ìjà náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ dákun ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ni. Ó bi mí bóyá Sìkírátù tó kọ́ Ọládèjì òun ní ìṣirò náà ni. Mo ní òun ni. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kí n dìde nílẹ̀, pé Sìkírátù kọ́ ló sun ilé òun. Ó wá ní, ṣé o wá ti rí i?

Mo ní rárá. Ẹkún sì gbọ̀n mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Azeezat pè mí pé kí n gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Ẹ̀dà kan tí íńkì bàjẹ́ ti kù sórí tábìlì rẹ̀, Jàlálù ló wá ṣe fọ́tòkọ́pì, ó rí orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì lọ sọ fún un. Azeezat kò sọ èyí fún mi. Ó kọ́kọ́ ń tú àwọn ìlà ìbejì náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí n tẹ nǹkan náà. Ó ní ọ̀rọ̀ Sìkírátù ti wọ inú tẹ́ńpílétì, pé ibẹ̀ ni gbogbo ìwé tuntun ti ń jáde. Mo ní mo dúpẹ́, mi ò mọ̀ pé tẹ́ḿpìlì wà nínú rẹ̀, abájọ tí kò fi ṣeé pa rẹ́, ohun tó bá ti wọ tẹ́ḿpìlì ti di ti Ọlọ́run. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé pa rẹ́, ó bi mí bóyá kí òun pa á. N kò tíì dáhùn tí ohùn kan fi dún lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, pa á rẹ́, Azeezat, èmi nìyí, mo wà láàyè.

Ó ti rù, ọmọ mi. A dì mọ́ra wa, àga ṣubú. Wọ́n ti sọ fún un ní Ìfọ́n pé mo ti kú, ó ní kò sí ìrun tí òun kì í ti í ṣe àdúà fún mi. Mo ní kó má gba àdúà náà padà o, kó jẹ́ kó wà nílẹ̀ dè mí. Ẹkún àti ẹ̀rín pàdé lẹ́nu wa.

Nígbà tí a dé gáréèjì, ọkọ̀ Ìlobù ń pèrò, ọkọ̀ Ìfọ́n ń pèrò. Mo ní kó wọ ọkọ̀ tirẹ̀ kí n tó lọ, ó ní kí n kọ́kọ́ wọ tèmi. Ọkọ̀ tiwa kún, ó lọ. Tiwọn kún, ó lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a pín ẹ̀pà jẹ, òmíràn tún kún, ó lọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, bá mi fi owó ọkọ̀ Òṣogbo ránṣẹ́, nítorí a ti fàdéhùn sí ọjọ́ ọjà. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi ti Sìkírátù kún un, má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo tọrọ rẹ̀.

Ilé rẹ kò ní dahoro. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní gbọ́ ìròyìn ikú rẹ, ní òtítọ́ tàbí ní irọ́. Bí o bá pe èèyàn, yóò dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.