Ọmọ Inú Fóònù Ìyá Wa

                                        Ilé Aránṣọ, Àjà Kejì,
                                        Òdìkejì Ilé Bírẹ́dì,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Eléyinjú-ẹgẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tó ń fi igbe kó gbogbo àdúgbò jọ? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, gbogbo ayé lẹ máa ń tọ́jú, ẹ kì í tọ́jú ara yín. Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ro mí nítorí òwú àti abẹ́rẹ́. Màámi náà wà, orúnkún nìkan ni wọ́n ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni, Wàràwàrà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò yín. O rántí ìdí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti kékeré, ọmọ náà kò ráyè kí ènìyàn. Bó bá ti ilé-ìwé dé, tí àlejò kún pálọ̀, "Ebi ń pa mí" ló máa fi wọlé. Màámi á fa etí rẹ̀, ọmọ á fi tipátipá kí àwọn àlejò, á wá ní, "Ebi ṣì ń pa mí o." Ìwọ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì níbẹ̀, ìpè rẹ̀ wọ́n bí ojú. Màámi á jókòó ti fóònù, wọn ò ní jẹun. Àfi bó ṣe di pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè láràárọ̀. Ó tún wá ń kí ni! "Ẹ káàárọ̀ o, Màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Orúnkún ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Àwọn ará ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Màámi fi yangàn títí dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn ti di ọmọlúàbí. Èmi náà dúpẹ́, mo ní ọgbọ́n ti kàn án.

Lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń dún jáde nínú fóònù ní pálọ̀, ó ń bi Màámi bóyá wọ́n ti lo oògùn wọn. Èmi wà nídìí máṣíìnì mi. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pe fóònù tèmi, mo gbé e.

"Àǹtí, ṣé ẹ ṣì ní ìwọ̀n ṣòkòtò mi lọ́wọ́?"

Wàràwàrà ni! Kò kí mi kú iṣẹ́, kò bèèrè ilé. Ohùn kan náà wà ní pálọ̀, ó tún wà létí mi. Ara mi bù máṣọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Mo bi í pé ta ló ń bá Màámi sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní ẹ̀dà òun ni. Ó ní ẹ̀rọ kan ti dé báyìí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fún un ní ohùn rẹ̀ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ rí, á máa bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ wọn gan-an ni. Òun fi nọ́ńbà òun àtijọ́ sílẹ̀ fún un, òun ra òmíràn. Ó ní ó sàn ju kí Màámi máa febi pa ara wọn lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àánú ló fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kó pe Màámi fúnra rẹ̀. Ó pè lọ́jọ́ Àìkú, ojú mi ló ṣe.

"Màámi, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Màámi wo fóònù, wọ́n wò mí. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta? Ọmọ tèmi máa ń kí mi."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Rédíò ti ń kìlọ̀ nípa àwọn gbájúẹ̀ tó ń jí ohùn ọmọ ọlọ́mọ lò, Màámi sì ti fi í sọ́kàn. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, kí ni mo sọ fún ọ láàárọ̀ yìí nípa orúnkún mi?"

Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, Màámi pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n pe ọmọ tiwọn, wọ́n ní ẹnì kan ń fi ohùn rẹ̀ lu jìbìtì kiri. Etí mi báyìí ló gbọ́ èsì: "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ má dá a lóhùn mọ́."

Mo jókòó ti Màámi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ló ń bèèrè orúnkún mi? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ni mo bí." Wọ́n tún ní owú ló ń jẹ mí.

Wàràwàrà pè mí lẹ́yìn ìyẹn. "Àǹtí, Màámi ò mọ̀ mí mọ́." Ohùn rẹ̀ kéré bíi tìgbà tí mo máa ń pọ̀n ọ́n. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní òun ti pa á rí, òun wá ń pe Màámi fúnra òun, wọn ò gbé e, wọn ò sì jẹun, lòun bá tún tàn án. Ó ní bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, òun á jókòó, òun á máa gbọ́ ohun tí ẹ̀dà òun bá Màámi sọ, kí òun lè kọ́ bí òun yóò ṣe máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún, kò gbé nọ́ńbà kankan jáde. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ilé ńkọ́? Ojú tó ń ro yín ńkọ́?" Mi ò mọ èwo nínú wọn ló pè mí. Mo pa fóònù, mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Àárò ọmọ yẹn ń sọ mí, ọ̀rẹ́ mi. Kò wù mí kó gbọ́n ju bó ṣe wà lọ. Ó wù mí kó já wọlé, kó fo gbogbo wa kọjá, kó lọ ṣí ìkòkò.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí mo fi fọwọ́ ara mi kọ̀wé yìí sí ọ. Jọ̀wọ́, lọ dúró dè é lẹ́nu géètì wọn bí wọ́n bá ń jáde iṣẹ́. Má pè é lórí fóònù, torí o ò ní mọ ẹni tó dá ọ lóhùn. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, bá mi tì í sínú ọkọ̀. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó máa bọ̀ wálé bó ṣe wà.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Màámi ní kí n kí ọ, wọn ò mọ ohun tí mo ń kọ. Ẹ̀rù kan ló ṣẹ́kù tó ń bà mí. Lọ́jọ́ tí Wàràwàrà bá wá kan ilẹ̀kùn, Màámi lè má ṣí i. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé fóònù, wọ́n á bi ẹni inú rẹ̀ bóyá òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

                                        Tìrẹ ni mí, nígbà gbogbo,
                                        Aránṣọ.