Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wo Ẹnu Mi

Olúwayẹ́misí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Toronto. Motúnráyọ̀ ọmọ-ọmọ mi ló tún gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe mí. Oṣù mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì ìjọba fi ń wá wo bí mo ṣe ń gbé oògùn mì. Mo kọ́kọ́ bínú: "Ṣé olè ni mí?" Ọmọ Yorùbá ni nọ́ọ̀sì náà, ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ ṣáà yanu." Ara mi ti yá báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ yàrá kan náà la jọ sùn nígbà tí mo wálé, tí mò ń wúkọ́, tí a ń pè é ní ikọ́ ọyẹ́. Jọ̀ọ́, lọ ṣàyẹ̀wò ní ọsibítù ìjọba. Olúwa á ṣọ́ ọ.

Kọ èsì rẹ̀ sí mi. Mo ti mọ̀wé kà báyìí, ẹnikẹ́ni kò ní bá mi kà á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ